Òfin Tó Ní Kí Ọmọ Lọ Sílé Ìwé
Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2004 sọ ọ́ di dandan kí òbí rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé fún ọdún 9: ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún 3 ní girama. Ọ̀fẹ́ sì ni ẹ̀kọ́ náà nílé ìwé ìjọba. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955.

Òbí tó bá kọ̀, ìkìlọ̀ ni kóòtù yóò kọ́kọ́ ṣe fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan ni, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Bó bá tún ṣẹ̀, ó di ₦5,000 tàbí oṣù méjì. Owó yìí ò jọ ẹnikẹ́ni lójú mọ́: ọmọ tó ń kiri píọ̀ wọ́tà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lè pa ₦2,000 láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹni tó bá gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ òbí nílé ìwé ìjọba náà yóò fojú winá òfin, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó ₦10,000. Ní ti ọmọbìnrin tó bá lóyún, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní kí wọ́n jẹ́ kó padà sí kíláàsì lẹ́yìn tó bá bímọ tán.