Ìdérí Ni Ẹlẹ́rìí: Ọ̀rọ̀ Lórí Àpótí Kékeré tí A Fi Ẹ̀rọ Yí



N kò ní í fi ìtumọ̀ orúkọ dá yín dúró. Gbogbo yín mọ lathe, ẹ̀rọ ayígi: igi ló ń yí, oníṣẹ́ di irin mú, igi ń wá bá irin. Àpótí tí mò ń wí kò ju ohun tí ọwọ́ kan lè gbá mú lọ: róbótó ni, ìsàlẹ̀ àti ìdérí, láti ara igi kan ṣoṣo. Ó tó.

Ó ti lé lógún ọdún tí èmi àti àwọn kan nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ọnà ti ń jiyàn. Wọ́n ní ohun tí ẹ̀rọ bá yí kì í ṣe ọnà. Ohun tí àáké àti ọ̀bẹ gbẹ́ nìkan ni ọnà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ni wọ́n máa ń gbé kò mí lójú. Bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo fẹ́ràn Ọlọ́wẹ̀ jù. Awo onídèérí rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà Áfíríkà ní Washington: obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé awo dání, àwọn obìnrin mẹ́rin ń jó lórí ìdérí. Lábẹ́ awo, láàárín àwọn tó gbé e ró, orí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà tó ń yí gbirigbiri tí kò sì lè jáde, torí inú igi yẹn náà ni Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ ẹ tú sílẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Títí di òní, ẹni tó bá rí orí yẹn á dúró wò ó.

Mo wá ń bi wọ́n: ṣé àáké ló ṣe orí yẹn? Àáké wà lọ́wọ́ agégi náà. Ẹni tó mọ ibi tí igi máa gba òun láàyè dé ló ṣe é. Ọgbọ́n kan náà ni ayígi ń lò. Nígbà tó bá ń gbẹ́ inú àpótí, kò rí ẹnu irin rẹ̀ dáadáa. Etí ló fi ń wò ó: bí ara àpótí ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i, ohùn rẹ̀ ń yí padà. Kò sí ẹ̀rọ tó ń bá a gbọ́ ohùn yẹn. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Nígbà tí mo wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá àgbà kan gbà mí sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé igi pupa kan sórí ẹ̀rọ, ó ní igi àjèjì ni, láti ọ̀nà jíjìn. Eruku igi náà bò mí lọ́wọ́, ọwọ́ mi pọ́n. Mo ní, "Bàbá, ìbátan osùn ni èyí! Àwa ń lọ osùn kun ara ìkókó." Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ.

Ó ti yí igi náà ní àbọ̀ṣẹ́ ní oṣù bíi mélòó kan ṣáájú, ó sì gbé e pamọ́ kó gbẹ. Igi tó ń gbẹ ń sún kì, ṣùgbọ́n kò sún kì dọ́gba: bó ṣe ń sún kì yí po, ní ìbámu pẹ̀lú òrùka ọdún rẹ̀, tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń sún kì láti àárín síta. Ohun tó rí róbótó lónìí á rí bí ẹyin lọ́la. Ìdérí ló kọ́kọ́ gbẹ́ parí. Lẹ́yìn náà ló wá ń fá ẹnu ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dá ẹ̀rọ dúró, ó ń fi ìdérí wò ó, títí ìdérí fi wọlé pẹ̀lẹ́, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì mí jáde.

Èmi kò ní sùúrù. Mo fi igi tútù yí tèmi, mo gbé e wálé fún ìyá mi. Ọyẹ́ kan péré ló ṣí mi láṣìírí: ìdérí di ẹyin, ẹnu di ẹyin, wọn ò sì kọjú sí ibì kan náà. Ọ̀bẹ ni ìyá mi fi la àpótí náà kó tó rí yẹtí rẹ̀ mú.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ fẹ́ràn sáńpépà jù. Sáńpépà kò lè tún ìdérí tí irin ti bà jẹ́ ṣe. Ẹ sì máa bo imú: eruku ìrókò àti ti osùn ń mú ara yún, ó ń mú ikọ́ wá.

Wọ́n ti ń nawọ́ aago sí mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ Holtzapffel, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ ayígi ní London ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àti igi dúdú Tanzania àti Mozambique tó wúwo débi pé ó ń rì sómi. Ó di ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Níbi ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu, ní Panama ní 2022, wọ́n fi igi apá àti ìdílé osùn ti Áfíríkà sábẹ́ àkóso: gẹdú àti pákó wọn kò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Síbẹ̀, àjákù wọn ni a ń dáná sun ní sọ́míìlì wa lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ àjákù tí kò ju ìkúùkù lọ ti tó àpótí kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní sọ́míìlì, mo bẹ̀ yín, ẹ má sun ún mọ́. Ẹ kó o wá fún àwọn ọmọ wọ̀nyí.