Búrẹ́dì Àwọn Bedouin: Ẹ Jẹ Kẹ́ Ẹ Sì Ṣẹ́kù
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa)

 

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì la mú wá lónìí. Kì í ṣe èyí tá à ń rà láràárọ̀ o. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ àwọn Bedouin ni, àwọn Lárúbáwá tó ti ń da ràkúnmí àti ewúrẹ́ kiri aṣálẹ̀ Jọ́dánì, Sínáì àti Saudi Arabia láti ayébáyé. Ẹ̀yin Àlájà wa tẹ́ ẹ ti dé Mẹ́kà, ẹ ti jẹ irú búrẹ́dì pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn obìnrin ló ń ṣe é. Wọ́n á gbé irin fífẹ̀ kan tó yọ ikùn sókè, tí wọ́n ń pè ní saj, ka iná igi, wọ́n á wá tẹ́ búrẹ́dì lé e. Búrẹ́dì orí saj yìí náà ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ mansaf, ẹran àgùntàn tí wọ́n fi wàrà kíkan sè, tí UNESCO kọ sínú ìwé àṣà àjogúnbá lọ́dún 2022 ní orúkọ Jọ́dánì. Àwọn kan kì í fi nǹkan kan wú u, àmọ́ èyí tó ń wú là ń sọ.

Bá a ṣe lè ṣe é nílé rèé. Ẹ wá fúláwà ife 4, iyọ̀ ṣíbí kékeré 1, yíìsì ṣíbí kékeré 1, àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bí ife 1 àbọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bu omi náà sí i. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú 10 títí á fi dán. Ẹ bò ó fún wákàtí 1 sí 2, títí á fi wú di ìlọ́po méjì. Ẹ gé e sọ́nà 8, kó sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìgò tó mọ́ yí i pẹlẹbẹ. Ẹ dojú agbada irin dé iná èédú. Tó bá ti gbóná dáadáa, ẹ tẹ́ ẹ lé e láìfi òróró sí i. Ìṣẹ́jú 1 sí 2, ẹ yí i padà. Tó bá ti léròrò, tó ní àmì dúdú díẹ̀díẹ̀, ó ti jinná. Ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e kó má bàa gan.

Kókó ọ̀rọ̀ wa ló kù. Kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ mú ìwọ̀n ẹyin adìẹ kan sọ́tọ̀ sínú abọ́ tó ní ìdérí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tú u, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ fúláwà tuntun. Kò sídìí láti ra yíìsì mọ́. Á kàn pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó wú ni. Bí ògì ṣe ń kan lòun náà ń kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí yíìsì inú páálí tó dé. Tó bá ti bu, ẹ dà á nù.

Ẹ gbọ́ o, àjẹṣẹ́kù gan-an lèyí! Ìdí tá a fi ń jẹ́ alájẹṣẹ́kù náà nìyẹn. Ìyá tó bá yan gbogbo rẹ̀ jẹ lálẹ́, kí ló máa fi wú tòwúrọ̀? Ní ìparí ọdún, àwọn kan láàárín wa ń kó gbogbo owó wọn tán pátá fún aṣọ ẹbí àti àsè. Tó bá di January, owó ọjà á di àwátì, wọ́n á forí lé ọ̀dọ̀ olówó sọ́gundogójì. Ọjà ẹlòmíì ti ibẹ̀ parẹ́.

A bẹ̀ yín, nínú owó tá a máa pín lọ́dún yìí, kí kálukú fi díẹ̀ sílẹ̀ lápò ẹgbẹ́, bó ti wù kó kéré mọ. Ìwọ̀n ẹyin kan péré ló ń wú odidi ọpọ́n.

Ẹgbẹ́ wa á máa tẹ̀ síwájú, owó wa ò ní wọmi.