Ibi Tí Ajé Gúnlẹ̀ Sí

 

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń jáde nílé-ìwé lónìí, orúkọ àdúgbò wa yìí, Ajégúnlẹ̀, máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àpápá ni ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí. Èbúté Tin Can náà sì kún un ní 1977. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti kọjá ibi tí à ń pè ní Boundary, ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí ló dé yẹn. Kọ̀ǹténà ló ń kó ajé ọ̀hún kọjá lójú wa. Trélà tó dínà nìkan ló ń dúró tì wá.

Wọ́n á máa yìn yín pé ọmọ Ajégúnlẹ̀ le, pé kò sí ìyà tí kò lè gbé mì. Ẹ má jẹ́ kó dùn mọ́ yín jù. Líle kọ́ ló gbé màámi dìde lọ́dún tí àgbàrá wọlé wa, tí ìrẹsì ọjà wọn wú sínú omi. Èsúsú ni. Obìnrin méjìlá ló jọ ń dá a. Ìyá Ìgbò kan tó ń ta ata ló kàn láti kó o lọ́sẹ̀ náà. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n ó mọ èsúsú. Ó ní kí màámi kó o, òun á kó o kẹ́yìn.

Ẹ má fojú kéré èsúsú. Àjàyí Crowther ti kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ní 1843. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Trinidad. Susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Ní 2018, ọmọ Èkó kan, Wemimo Abbey, àti Samir Goel dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó ń mú kí owó ilé tí ayálégbé ń san déédéé jẹ́ ẹ̀rí fún un lọ́dọ̀ ayánilówó. Esusu ni wọ́n sọ ọ́.

Àmọ́ èsúsú kì í gbẹ́ gọ́tà o. Bí àgbàrá bá gbé ọjà àwọn méjèèjìlá lọ lọ́jọ́ kan náà, ta ni yóò yọ̀ǹda fún ta? Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kàwé yìí ni kẹ́ ẹ máa bi wọ́n.

Ìwé èsúsú tiwa wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni lóṣù. Ẹni tó bá kó o tán tó fẹ́ sá, Ajégúnlẹ̀ ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ pátápátá; ẹ wá kọ tiyín sókè.