Ìwé Inṣọ́ránsì àti Ẹ̀tọ́ Ẹni Kẹta

(Ọ̀rọ̀ tí Imáàmù bá àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé wọn ọjọ́ Àìkú)

  



Àwọn adarí yín ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ojú àwọn ènìyàn ń rí lọ́dọ̀ àwọn aṣojú iléeṣẹ́ adójútòfò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní inṣọ́ránsì. Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé kò pamọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé yìí lójú pópó jákèjádò Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wo irú ìwé tó wà nínú ọkọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ òfin náà kì í ṣe tuntun. Ọdún 1945 ni ìjọba amúnisìn ti ṣe é pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ máa rìn láìní in.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ṣe ìwé náà fún. Inṣọ́ránsì ẹni kẹta ni wọ́n ń pè é. Ẹni kìíní ni ìwọ tí o ni ọkọ̀. Ẹni kejì ni iléeṣẹ́ tó gba owó. Ẹni kẹta ni ẹni tí o kò mọ̀ rí: ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì, ọmọ iléèwé tó fẹ́ sọdá, ẹni tí o gbá ní mọ́tò. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ₦15,000 lọ́dún ni wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ àdáni, nígbà tó jẹ́ ₦5,000 tẹ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́, iléeṣẹ́ yóò san tó ₦3,000,000 fún olówó dúkìá. Ọkọ̀ tìrẹ kò sí nínú àdéhùn yẹn rárá. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé ìwé náà kò wúlò. Kò wúlò fún ta ni?

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń kírun ní mọ́sálásí wa ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà. Ní ọjọ́ òjò kan, ọkọ̀ akérò yà kúrò lójú títì, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà, ó fọ́ fíríjì, ó da òróró nù, ó sì wó ògiri iwájú. Ọlọ́run yọ ìyá náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ kò sá. Mùsùlùmí ni, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì mú ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀ jáde pé kí wọ́n lọ gba owó. Nígbà tí ọmọ ìyá náà gbé ìwé dé iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, wọ́n wo àkọsílẹ̀ wọn títí, wọn kò rí nọ́ńbà rẹ̀. Ayédèrú ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn nítòsí ọ́fíìsì láísẹ́nsì ló tẹ̀ ẹ́ fún un ní iye tí kò tó ìdajì owó tí òfin là kalẹ̀. Wọ́n pe ọkùnrin náà sọ́dọ̀ mi. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé ìwé náà kò pé. Ó ní, "Àáfà, ẹ máa bínú, nítorí ọlọ́pàá ni mo ṣe rà á."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé wá bá yín lónìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ ọ́. Nínú sẹríà, ẹni tó bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́ gbọ́dọ̀ san án, ìbáà ṣe àṣìṣe. Àṣìṣe a máa mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, kì í mú gbèsè kúrò. Ẹ sì rántí pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) a máa béèrè bí òkú bá jẹ gbèsè kí ó tó kírun sí i lára. Ẹni tó ra ayédèrú mọ̀ pé òun kò lágbára láti san owó ògiri àti fíríjì, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò bá òun san án. Ó ti jẹ ìyá náà ní gbèsè kí òjò ọjọ́ náà tó ṣú.

Àwọn kan wà láàárín wa, pàápàá àwọn tí wọ́n ti ka ìwé díẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí inṣọ́ránsì jẹ́ harámù, ẹni tó ra ayédèrú kò tilẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Irú fatwa wo nìyí? Ó ti fi irọ́ kún un, ó ti fi èrú kún un, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní olùbẹ̀rù Ọlọ́run! Òtítọ́ ni pé ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì àgbáyé tó jókòó ní Jeddah ní ọdún 1985 sọ pé inṣọ́ránsì ti àwọn oníṣòwò, tí a ń san owó rẹ̀ láìmọ ohun tí a óò rí gbà, kò tọ́ nítorí àìdánilójú tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kan náà ló fọwọ́ sí èyí tí àwọn ènìyàn dá jọ láti fi ran ara wọn lọ́wọ́. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí ẹ̀sìn wa. Àwọn ará Ash'ariyyūn láti Yemen, bí oúnjẹ bá ń tán lọ́wọ́ wọn, wọn a kó gbogbo èyí tó kù sórí aṣọ kan ṣoṣo, wọn a sì pín in dọ́gbadọ́gba. Ànábì yìn wọ́n, ó sì ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá náà, tí a ti ń dá àjọ kí bàbá ńlá wa tó rí bébà.

Takaful ni wọ́n ń pe irú èyí. Àwọn tó wọ inú rẹ̀ ń fi owó wọn ta ara wọn lọ́rẹ, iléeṣẹ́ ń gba owó iṣẹ́ lórí àmójútó rẹ̀, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù jẹ́ ti àwọn tó dá owó. Ní ọdún 2013 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò, gbé ìlànà rẹ̀ jáde. Noor Takaful àti Jaiz Takaful sì gba ìwé àṣẹ ní 2016. Níbi tí ọwọ́ kò bá ti tó o, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kí Mùsùlùmí san ìwọ̀n tí òfin fi dandan mú un san, kí ó má kọjá rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì tó wọ́pọ̀ ni pé wọn kì í san owó pé. Oníṣòwò kan mú ìwé tirẹ̀ wá kí n bá a kà á. Ọjà mílíọ̀nù mẹ́rin náírà wà nínú ilé ìkẹ́rù rẹ̀, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù méjì ni aṣojú kọ sílẹ̀ kí owó tí yóò máa san má baà pọ̀ jù. Iná jó ọjà tó tó mílíọ̀nù kan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé òun yóò gba gbogbo rẹ̀, nítorí kò tó mílíọ̀nù méjì. ₦500,000 ni wọ́n fún un. Ó ní olè ni wọ́n. Nígbà tí mo ka ìwé náà, ó wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní: ẹni tó bá fi ìdajì ọjà rẹ̀ síbẹ̀, ìdajì òfò rẹ̀ ni iléeṣẹ́ yóò gbà rù. Iléeṣẹ́ kò purọ́. Ṣùgbọ́n aṣojú náà mọ gbólóhùn yìí, kò sọ ọ́, nítorí kí ọjà lè tà. Áyà tó gùn jù nínú Al-Kùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin lé ní igba nínú Súratul-Bakara, dá lórí bí a ṣe ń kọ àdéhùn owó, ó sì pàṣẹ pé bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá jẹ́ aláìlágbára tàbí aláìmọ̀, kí olùtọ́jú rẹ̀ bá a sọ ọ́ pẹ̀lú òdodo. Ẹni tí kò gbọ́ èdè tí a fi kọ ìwé rẹ̀, ta ló bá a sọ ọ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ aṣojú, mo mọ̀ yín, ẹ ò kéré níbí. Ẹ rántí ọkùnrin tó kó ọkà gbígbẹ borí èyí tí òjò ti pa ní ọjà Mẹdínà, tí Ànábì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Kò tan ẹnikẹ́ni pẹ̀lú irọ́ ẹnu; ó kàn gbé èyí tó dára síta ni. Owó tí oníbàárà fi rán yín sí iléeṣẹ́, amánà ni. Bí ẹ bá fi ṣe káràkátà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó san án, oníbàárà ń rìn láìní ààbò láàárín ọ̀sẹ̀ náà, nítorí iléeṣẹ́ tí kò tí ì gba owó kò tí ì gba ẹrù.

Kí a má sì fi gbogbo ẹ̀bi lé wọn lórí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ha tẹ́lẹ̀, tó wá ní ìjàǹbá àná ló fa á, tó sì bá mẹkáníìkì dìmọ̀ pọ̀ láti kọ iye tí kì í ṣe òótọ́, owó àwọn tó kù ló ń jẹ. Mo mọ ẹni tí wọ́n san tirẹ̀ láìjà, nítorí ó ya fọ́tò lójú ẹsẹ̀, ó gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó sì fi tó iléeṣẹ́ létí lọ́jọ́ kejì.

Bí ẹ bá san owó, ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ iléeṣẹ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín wo NIID lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò kó gbogbo ìwé ọkọ̀ jọ sí. Òun kan náà ni àwọn ọlọ́pàá ń wò. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gba owó tán láìkà á. Bí wọ́n bá ń dá yín dúró láìnídìí, NAICOM ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ sì so ẹ̀dà àwọn ìwé yín mọ́ ọn.

Ọkùnrin tó ni ọkọ̀ akérò ti ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, ògiri ìyá náà sì ti dìde. Fíríjì ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọkọ̀ wá lónìí, ẹ jọ̀wọ́, lẹ́yìn ìrun Ásárì, ẹ mú ìwé yín wá sábẹ́ igi iwájú mọ́sálásí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti gbé fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, yóò bá wa yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan.