Tíìkì Nínú Igbó Ọ̀ṣun

 

Èèwọ̀ ni láti gé igi nínú Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọwọ́ dẹ̀ lórí èèwọ̀ náà, ẹ̀ka ìjọba tí ń mójú tó igbó gé igi ìbílẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbin tíìkì, igi ilẹ̀ Íńdíà, rọ́pò wọn. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dìde sí i. Ní 2005, UNESCO kọ hẹ́kítà 75 igbó náà mọ́ ogún àgbáyé.

Ǹjẹ́ èèwọ̀ yìí dáàbò bo tíìkì? Èmi kò gbà. Igi tó ti ara rírú èèwọ̀ wọlé kò lè sá sábẹ́ èèwọ̀. Ewé rẹ̀ a máa wọ́ lẹ́ẹ̀rùn, iná a sì tètè ràn án. Bí a bá gé e, kùkùté rẹ̀ á tún rúwé.

Ọjà pákó Bódìjà níhìn-ín ló ń bà mí lẹ́rù. Bí a bá pe oníṣòwò wá gé tíìkì, ojú ìrókò ni yóò máa wò. Nítorí náà, kí Ìyá Ọ̀ṣun, àwọn awo àti àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jọ sàmì sí èyí tó bá kù; kí ẹ̀ṣọ́ igbó gé e, kí wọ́n máa ká ẹ̀hù rẹ̀ lọ́dọọdún, kí a gbin akòko àti ìrókò dípò. Pákó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ọjà.