Irúgbìn Tó Mọ Ojú Ọjọ́ Wa Ni Ká Rà Ránṣẹ́ Sílé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé ní Festac àti Amuwo-Odofin)

 

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń béèrè pé kí ló dé tá ò ra irúgbìn igbó láti òkè òkun, ká gbìn ín sílé, nígbà tí àwọn ará Thailand ti ń fi ṣe oògùn. Ìbéèrè gidi ni. Ní 2019, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti Ondo lọ sí Thailand nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà ò gbà á. Ẹni tó bá gbìn ín, NDLEA lè gbé e lọ sí kóòtù, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ilẹ̀ ẹbí dán an wò.

Ká tiẹ̀ ní òfin gbà á, ṣé irúgbìn yẹn á bá wa lò? Gígùn òru ni igbó ń wò kó tó tanná. Ní London, ọ̀sán ìgbà ooru máa ń ju wákàtí 16 lọ. L'Ékòó níbí, bíi 12 ló máa ń jẹ́ jálẹ̀ ọdún. Èyí tí wọ́n tọ́ fún ọ̀hún, tó bá débí, á tanná nígbà tó ṣì kúrú, ìkórè á wá kéré. Èyí tí òdòdó rẹ̀ ki, tó wá láti ilẹ̀ gbígbẹ, ọ̀rinrin wa á jẹ́ kó bu, kó sì rà. Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Bó ṣe rí fún oúnjẹ náà nìyẹn. Nígbà tí àrùn mọ́sáíìkì ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́, àwọn olùwádìí ní Amani, Tanzania, mú ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ kan tó jẹ́ igi rọ́bà. Ìran rẹ̀ ni IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1967, mú lò tí wọ́n fi rí TMS 30572, tí àrùn náà ò lè fi bẹ́ẹ̀ rí gbé ṣe. Ní 2011, ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tó ní fítámì A jáde. Àgbàdo tó ń gbó láàárín ọjọ́ 80 sí 85 náà wà, fún ibi tí òjò ti ń tètè dá.

Àbá mi rèé. Ká má tíì kó owó ẹgbẹ́ ra igi ẹ̀gẹ́ rẹpẹtẹ. Ká wá oko mẹ́ta nílé: ọ̀kan létí odò, ọ̀kan lórí òkè, ọ̀kan lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Ká gbin ẹ̀yà tuntun mẹ́ta síbẹ̀, ká gbin tàwọn bàbá wa sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n wọn ohun tí wọ́n wú, kí àwọn ìyá wa fi yan gàrí, kí wọ́n sọ èyí tó dùn. Èyí tó bá yege, òun la ó rà lọ́dún tó ń bọ̀.

Àgbẹ̀ tá a bá fún ní irúgbìn tí ò bá ilẹ̀ rẹ̀ mu, ọdún kan odindi la gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Ìlú wa á dára.