Ìsoríkọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́: Kí Ni Òṣìṣẹ́ Lè Bá Ọ̀gá Rẹ̀ Sọ?

Àlejò tí ó bá gba Òṣogbo lọ sí Ìlobùú àti Ifọ́n kò ní tètè mọ ibi tí ìlú kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n ni ti Oròlú, ṣùgbọ́n ilé kan ilé ni, wọ́n jọ ń ná ọjà, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Olùkọ́ tí ń gbé ní Ìlobùú lè máa kọ́ni ní Ifọ́n, kí ti Ifọ́n náà sì máa lọ sí Ìlobùú láràárọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà ààlà ilẹ̀ tí ó ti pẹ́ láàárín wọn tún bú jáde. Ẹ̀mí ṣòfò, iná sun ilé, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ifọ́n àti Erin-Ọ̀ṣun. Lẹ́yìn irú nǹkan báyìí, bí ọ̀nà bá ti là, òṣìṣẹ́ a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bèèrè bóyá ọkàn rẹ̀ bá a padà.

Ká mú olùkọ́ kan, ìyálọ́mọ, tí ilé rẹ̀ wà nínú àwọn tí ó jóná. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Irú rẹ̀ pọ̀. Ní oṣù kejì tí ó padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ìwé àwọn ọmọ tí ó yẹ kí ó máàkì ga gègèrè lórí tábìlì rẹ̀. Ó lè wo ojú ìwé kan fún wákàtí kan gbáko láìrí nǹkan kan kà níbẹ̀. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń là láti aago mẹ́ta òru. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ṣe é, a ní orí ń gbóná òun, a ní nǹkan ń rìn lórí òun. Wọ́n ti fún un ní oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní ọ̀lẹ ni ó dà. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ọ̀gá ilé-ìwé kọ ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ sí i.

Ìsoríkọ́ ni orúkọ tí a ń pe àìsàn yìí lóde òní. Yorùbá àtijọ́ kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún un, irú àìlórúkọ bẹ́ẹ̀ sì lè ṣi ọ̀mọ̀wé lọ́nà. Ní 1953, J. C. Carothers, dókítà òyìnbó tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ ọ́ nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde pé àìsàn náà ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn Áfíríkà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1963, Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, Adéoyè Lámbò ti ilé-ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín Yorùbá jáde. Àmì àìsàn náà wà níbẹ̀: àárẹ̀ tí kò lọ, ìrònú tí kò dáwọ́ dúró, ẹkún. Ohun tí kò sí ni orúkọ tí ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ èdè ni èyí tó bí ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ dókítà. Ẹni tí ó ní orí ń gbóná òun kò purọ́. Èdè tí ó ní lọ́wọ́ ni ó fi ń ké.

Ìbànújẹ́ nìkan kì í ṣe ìsoríkọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó yóò sunkún, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ìrẹ̀wẹ̀sì kò fi í sílẹ̀, tí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi láìnídìí, dókítà ló kàn. Bí ikú bá ń wá sí i lọ́kàn, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Iná àti ìjà nìkan kọ́ ni í sì í fà á. Òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun kò gbàgbé 2015, nígbà tí owó oṣù púpọ̀ wọ gbèsè, tí ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í san ààbọ̀ fún àwọn tí ipò wọn ga, ètò tí ó wà títí wọ 2018. Bàbá tí ó ṣiṣẹ́ oṣù kan tí ó mú ààbọ̀ owó wọlé tọ àwọn ọmọ rẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀.

Ifọ́n ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, tí í ṣe Ọbàtálá. Àwọn baba ńlá Yorùbá gbà pé òun ni ó mọ afín, abuké àti arọ, wọ́n sì pè wọ́n ní ẹni òrìṣà. Èèwọ̀ ni láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú rí iké, ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tí tirẹ̀ wà nínú, níbi tí ojú kò dé, òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ wọn ènìyàn, kò sí orúkọ tí ó burú jù ú lọ, ìdí sì nìyẹn tí òṣìṣẹ́ fi ń dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Lámbò ti fi hàn ní Arò pé iṣẹ́ àti àìsàn ọkàn lè jọ gbé. Láti 1954 ni ó ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn, wọ́n ń padà sí abúlé, ẹni tí ó lè roko ń roko. Ulli Beier pẹ̀lú, òyìnbó tí ó gbé ní Ìlobùú kí ó tó kó lọ sí Òṣogbo, kọ́ àwọn aláìsàn Lántòrò ní Abẹ́òkúta ní àwòrán yíyà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Kò sí èyí tí ó ní kí aláìsàn lọ sùn sílé kí ó máa wo àjà. Iṣẹ́ tí ó mọ níwọ̀n, láàárín ènìyàn tí ó mọ ohun tí ń ṣe é, wà lára ìtọ́jú.

Òfin náà ti yí padà. Òfin wèrè tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1916, tí wọ́n tún ṣe ní 1958, ni ó wà nílẹ̀ títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun. Òfin yìí kò gbà kí wọ́n yọ ènìyàn níṣẹ́ kìkì nítorí pé ó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ tàbí pé ó ti ní i rí. Ó wà nínú ìwé. Ó kù kí ó dé ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá.

Báwo wá ni olùkọ́ yìí yóò ṣe wí i? Bí ojú bá ń ṣepin, ojú la fi í hàn. Kí ó kọ́kọ́ rí dókítà, ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ni tí ó wà ní Òṣogbo tàbí ti Ilé-Ifẹ̀, kí ó gba ìwé. Kí ó wá wọlé tọ ọ̀gá lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, kì í ṣe níwájú gbogbo olùkọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìlera mi ni mo bá wá. Láti ìgbà tí ilé wa ti jó ni ara mi kò ti yá. Dókítà ní àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Mi ò fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, sà. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ bá mi gbé kíláàsì àkọ́kọ́ láàárọ̀ fún ẹlòmíràn fún oṣù méjì, kí ẹ sì yọ̀ǹda mi lọ́jọ́ tí dókítà bá dá.”

“Ìyáàfin, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ta ló tún mọ̀?”

“Ẹ̀yin nìkan, sà.”

“Kò ní tẹnu mi jáde.”

Ó sọ ohun tí ó ń fẹ́ àti iye ìgbà tí ó ń fẹ́ ẹ, kò sì ka gbogbo ọ̀ràn ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ tó. Ọ̀gá mìíràn yóò ní kí ó lọ gbàdúrà. Àdúrà dára, kò dí dókítà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, kí olùkọ́ kọ ìwé, kí ó fi déètì sí i, kí ó so ìwé dókítà mọ́ ọn, kí ó tọ́jú ẹ̀dà kan, kí ó sì mú aṣojú ẹgbẹ́ olùkọ́ dání lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Nínú ìwé náà ni ó ti lè bèèrè pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé-ìwé tí kò ní jẹ́ kí òun máa gba iwájú ahoro ilé òun kọjá láràárọ̀.